Ìrìn wa sí Laxton, abúlé tí wọ́n ṣì ń fi ẹsẹ̀ yẹ ààlà oko wò

Ọjọ́rú

Ìdájí la kúrò ní Peckham torí Bọ̀ọ̀dá Múyìwá ò fẹ́ kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Lọ́ńdọ̀nù ká wa mọ́, wọ́n ti wọ mọ́tò wọ́n sì ti ń fọn fèrè kí n tó rí bàtà mi kejì, òtútù ọ̀hún ò ṣeé fẹnu sọ. Ẹ jẹ́ n sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ ná kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé yín. Sáfíyọ̀ ni Bọ̀ọ̀dá nígbà tí wọ́n wà ní Ìbàdàn, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò tíì kúrò lára wọn, tí ẹ bá jọ ń kọjá lọ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo bí wọ́n ṣe gbé ìdí ilé sí. Àwọn ló ka nǹkan nípa Laxton yìí níbì kan, látìgbà yẹn ni wọn ò ti jẹ́ kí n gbádùn. "Àbúrò, abúlé kan wà ní Nottinghamshire o, kò sí waya, kò sí ọgbà, oko Lágbájá àti ti Làmọ́rín fara kanra, ẹnikẹ́ni ò sì yọ àdá sí ẹnikẹ́ni." Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ wò ó jàre. Ìparí oṣù kọkànlá la mú, torí ìgbà yẹn ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń jáde lọ yẹ oko wò.

A bọ́ sórí A1, a ò dúró títí a fi dé Newark, a mu tíì, a lọ wo ògiri ààfin àtijọ́ tó kù lẹ́bàá odò Trent. Ibẹ̀ ni Ọba John kú sí ní oṣù kẹwàá 1216, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn ìjòyè ẹ̀ fipá mú un gba Magna Carta, ìwé tó fi òfin de agbára ọba. Atẹ́gùn odò yẹn ò jẹ́ ká pẹ́, a sáré padà sínú mọ́tò.

Ohun tó ń pa Bọ̀ọ̀dá lórí nìyí, ẹ fara balẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ abúlé ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò mọ oko tí wọ́n ń fi ọgbà yí ká rárá. Pápá ńlá bíi méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń yí abúlé po, wọ́n á wá la ilẹ̀ inú ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, o ní ẹyọ kan níbí, o ní òmíràn nídìí òkè lọ́hùn-ún, o tún ní ọ̀kan níbi tí omi máa ń dá sí, kó má lọ jẹ́ pé ẹnì kan ló kó gbogbo ilẹ̀ ọlọ́ràá jẹ tí ẹnì kejì wá ń fi òkúta ṣoko. Nígbà tó yá àwọn onílẹ̀ ńláńlá ní àwọn ò ṣe mọ́, wọ́n gba ilé aṣòfin lọ. Láàárín 1604 sí 1914, òfin tó lé ní 5,200 ni wọ́n ṣe láti fi ọgbà pín irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó sì kàn tó mílíọ̀nù 6.8 ékà. Tálákà tó jẹ́ pé màlúù kan péré ló ní, tó ń fi jẹko lórí ilẹ̀ gbogbo ará abúlé, ibẹ̀ ni tiẹ̀ parí sí. Àwọn kan di alágbàṣe lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn ti ń ṣoko, àwọn kan forí lé ìlú ńlá lọ wá iṣẹ́. Laxton ni ọgbà ò dé ọ̀dọ̀ wọn tán, tí wọ́n ṣì ń ṣe é bí ti àtijọ́ tòun ti kóòtù tó ń rí sí i.

A gba A616 kọjá Kelham àti Kneesall, ó ti ń di ìrọ̀lẹ́ ká tó wọ abúlé. Ilé bíríkì pupa ni wọ́n, ilé àgbẹ̀ tẹ̀ lé ilé àgbẹ̀ lójú títì kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ ẹ̀gbẹ́ sí ọ̀nà bíi pé wọn ò fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, àká àti ilé ẹran ló wà lẹ́yìn. Torí oko wọn fọ́n ká yí abúlé po, kò sí ìdí tí ẹnì kan á fi lọ dá kọ́lé sínú oko. Aago mẹ́rin ilẹ̀ ti ṣú pátápátá. A jẹun nínú pọ́ọ̀bù, a sùn.

Ọjọ́bọ̀

Òní ni òní jẹ́. Òní ni àwọn Jury, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n yàn láti yẹ ààlà oko wò, ń jáde.

Kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Pápá mẹ́ta ló kù ní Laxton, orúkọ wọn ni West Field, Mill Field àti South Field. Ọdún kìíní, àlìkámà ni wọ́n máa gbìn sínú ọ̀kan, kí òtútù tó mú ni wọ́n máa ti gbìn ín. Ọdún kejì, wọ́n á gbin nǹkan tó ń wọlẹ̀ nígbà ìrúwé, bíi ọkà bálì tàbí ẹ̀wà. Ọdún kẹta, ilẹ̀ á sinmi kó má baà ṣá. Àwọn pápá méjì yòókù náà ń yí báyẹn, kì í ṣe ọdún kan náà ni wọ́n jọ ń sinmi. Àgbẹ̀ kan ò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ gbin tòun lọ́tọ̀ lọ́dún tí pápá ń sinmi, ohun tí gbogbo wọn ń ṣe lòun náà máa ṣe.

Pápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin àlìkámà sí ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Èèyàn méjìlá ni wọ́n máa ń yàn, àgbẹ̀ bíi ti àwọn tó ni oko náà ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn ni olórí. Katakata ló fa tírélà tí wọ́n jókòó sí. Àwa tẹ̀ lé wọn lókèèrè lójú ọ̀nà oko tí ẹnikẹ́ni lè rìn, bàtà mi ti di ẹrẹ̀ kí n tó rin ogún ìṣísẹ̀, torí amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, irú amọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà títí bàtà á fi wúwo bí òkúta.

Mo ti rò pé a máa rí ayẹyẹ, aṣọ oyè, fìlà, nǹkan báyẹn. Kò sí! Jákẹ́ẹ̀tì, bàtà rọ́bà, ìdì igi èèkàn nínú tírélà àti òòlù onígi ńlá kan. Wọ́n á dúró níbi tí ilẹ̀ ẹnì kan ti pàdé ti ẹlòmíì. Ẹnì kan á fi ẹsẹ̀ túlẹ̀ wò níbi tí èèkàn àtijọ́ wà, nígbà míì ìdí ẹ̀ tó ti jẹrà ló máa kù nínú amọ̀, dúdú bí èédú. Ẹlòmíì á lọ dúró ní ìpẹ̀kun kejì. Ẹni ìṣáájú á dijú kan, á wò ó gbọọrọ, á fi ọwọ́ júwe fún un, ó yá, wá sọ́tùn-ún díẹ̀, ó tó, dúró. Wọ́n á gbé èèkàn tuntun sílẹ̀, òòlù á dún gbì, gbì, gbì, àlìkámà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí, tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, á máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ bá mi wo Bọ̀ọ̀dá! Àwọn náà ti di ojú kan lókèèrè tí a wà, wọ́n na apá wọn síwájú, wọ́n ń bá wọn wò ó. Wọ́n ní ó gún.

Ohun tí wọ́n ń wá ni pé ṣé ẹnikẹ́ni fi katakata jẹ ààlà ẹnìkejì ẹ̀. Kì í ṣe ti ẹnìkejì nìkan o, ti ojú ọ̀nà náà wà ńbẹ̀, torí ọ̀nà oko yẹn gbogbo wọn ló ni ín, tó bá jẹ́ pé ọdọọdún lò ń túlẹ̀ wọ inú ẹ̀ ní ìka mẹ́ta, ogún ọdún sí i kẹ̀kẹ́ ò ní gba ibẹ̀ mọ́. Ti syke náà tún wà. Syke ni wọ́n ń pe àwọn àfonífojì koríko tí wọn ò tú rí, níbi tí omi máa ń dúró sí láàárín àwọn oko, koríko ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tà lọ́dọọdún fún àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, òdòdó tó ti parẹ́ níbòmíì ṣì ń hù níbẹ̀, ìjọba sì ti fi òfin dáàbò bò ó. Ẹni tó bá fi ohun ìtúlẹ̀ ha syke, ó ti ha gbogbo abúlé.

Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀. Bíi ọ̀sẹ̀ kan sí i, kóòtù tí wọ́n ń pè ní Court Leet á jókòó, inú pọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní Dovecote Inn ni o, ibi tí a ti jẹun lálẹ́ àná! Aṣojú onílẹ̀ á wà ńbẹ̀, wọ́n á bu owó ìtanràn fún ẹni tó ṣẹ̀, wọ́n á sì yan Jury tó máa yẹ oko wò lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má rò pé eré ni. Lọ́dún 1977 nígbà tí ilé aṣòfin gba agbára ìdájọ́ lọ́wọ́ irú kóòtù àtijọ́ báyìí káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yọ ti Laxton sílẹ̀, agbára ẹ̀ ṣì wà títí di òní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ Bọ̀ọ̀dá lára nìyẹn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń ṣe sáfè nílé, ẹjọ́ ààlà tó délé ẹjọ́ lè pẹ́ títí tí olùpẹjọ́ á fi kú tí ọmọ ẹ̀ á gbà á, ìwé ń bẹ, òǹtẹ̀ ń bẹ, síbẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ á ti ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta. Mo ní ṣebí àwọn bàbá wa náà ní pèrègún, tí wọ́n bá ti gbìn ín sí ààlà gbogbo ayé ló mọ̀ pé ibẹ̀ ló mọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè fi í sílẹ̀ kó lọ sí Èkó fún ogún ọdún, kó tó dé wọ́n ti hú u lóru gbìn síwájú. "Ti àwọn ará ibí yìí, igi lásán ni, á jẹrà. Jíjẹrà yẹn ló ń dá wọn padà wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, gbogbo wọn, lójú ara wọn." Mo ti ń rò ó látìgbà náà. Èèyàn méjìlá tó ń yẹ oko wò yìí, oko tiwọn náà ń bẹ nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹlòmíì lè wà lórí tírélà kó jẹ́ pé tiwọn ló ń wò. Ta ló máa wá fẹ́ ṣojúsàájú?

Ọjọ́ Ẹtì

Òjò. A wọ yàrá kékeré tí wọ́n ṣe fún àlejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ọ̀bù, ìtàn abúlé ló wà lára ògiri.

Lọ́dún 1635, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mark Pierce ya máàpù gbogbo Laxton, gbogbo ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Ojúlówó ẹ̀ wà ní ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford. Ó ya àwọn èèyàn kéékèèké sínú ẹ̀, ẹni tó ń túlẹ̀, àwọn tó ń kórè, àwọn ọlọ́dẹ. Bọ̀ọ̀dá fi ìka tọ àwọn ìlà yẹn lára àwòrán títí, wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ, kò sí sátẹ́láìtì, okùn àti ẹsẹ̀ lásán, ẹ wo iṣẹ́!

Àmọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ nígbà yẹn ni mo fẹ́ sọ. Sir William Courten, oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù tó lówó gidi. Courten yìí kan náà ló fi owó ẹ̀ rán ọkọ̀ ojú omi lọ sí Barbados lọ́dún 1627, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú bíi mẹ́wàá tí wọ́n kó lójú òkun sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí Barbados padà dà, oko ìrèké àti ẹrú. Wọ́n padà gba erékùṣù náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó kú lọ́dún 1636, máàpù ẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Abúlé jẹ́jẹ́ tí ẹ̀ ń wò yìí, owó tó ya ilẹ̀ ẹ̀ sórí ìwé àti owó tó dá Barbados sílẹ̀, àpò kan náà ni wọ́n ti jáde. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo so ó pọ̀ fúnra mi níbi tí mo dúró sí.

Kí ló wá dé tí wọn ò fi ọgbà pín Laxton bíi ti àwọn yòókù? Wọn ò fẹ́ràn àṣà ju àwọn abúlé yòókù lọ o. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹnì kan, ìdílé Earl Manvers ló ni èyí tó pọ̀ jù, Earl of Scarbrough ní tiẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, àwọn tí wọ́n jọ ni ilẹ̀ ò sì fẹnu kò. Pípín ilẹ̀ ná èèyàn lówó, wọ́n ń fà á lọ fà á bọ̀ títí ayé fi yí. Lọ́dún 1952 Earl Manvers ta ibẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, lọ́dún 1981 ó bọ́ sọ́wọ́ Crown Estate, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ilẹ̀ adé, lọ́dún 2020 wọ́n tún tà á fún Thoresby Estate, ìyẹn ni pé ó padà sọ́dọ̀ àrólé àwọn Manvers tó ni ín tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ sì wà níbẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ wọn, ẹni yòówù kó jókòó sókè.

Nígbà tí òjò dá díẹ̀ a gun òkìtì ààfin àtijọ́ tó wà ní àríwá abúlé. Àwọn Norman ló mọ ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, kò sí ògiri kankan mọ́, òkìtì àti kòtò lásán ni koríko bò. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣọ́ igbó Sherwood fún ọba ń gbé nígbà kan. Yíyọ̀ ni mo yọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Michael Mímọ́ ló dùn mọ́ mi nínú jù lónìí. Àwọn ère ìdílé Everingham tó ni abúlé nígbà kan wà ní dídùbúlẹ̀ níbẹ̀, òkúta làwọn yòókù, àmọ́ obìnrin kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé igi óákù ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ère onígi irú ẹ̀ tó ti ìgbà yẹn wá, òun nìkan ló kù ní gbogbo Nottinghamshire. Igi náà ti là lójú ìṣẹ́po aṣọ ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ so pọ̀ bíi ẹni tó ń gbàdúrà. Ìdílé ọlọ́lá ni o, kí ló dé tí òkúta ò kan tiẹ̀? Bọ̀ọ̀dá ní ìyàwó kejì ni.

Àbámẹ́ta

Eakring, kò jìnnà sí Laxton rárá, abúlé kékeré náà ni. Ohun méjì ló gbé wa débẹ̀.

Èkíní, àlùfáà William Mompesson. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa Eyam ní Derbyshire á mọ orúkọ yẹn. Àjàkálẹ̀ àrùn wọ Eyam lọ́dún 1665, lọ́dún tó tẹ̀ lé e Mompesson àti àlùfáà tó wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀, Thomas Stanley, bẹ àwọn èèyàn pé kí ẹnikẹ́ni má jáde kó má lọ kó o ran àwọn abúlé yòókù, wọ́n gbà, wọ́n ti ara wọn mọ́lé, àwọn tó kú pọ̀ jọjọ, Catherine ìyàwó Mompesson náà bá a lọ ní oṣù kẹjọ 1666. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n gbé e wá sí Eakring. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ará Eakring ò gbà á wọlé? Ẹ̀rù bà wọ́n pé àrùn ṣì wà lára ẹ̀. Wọ́n ní inú ahéré kan ní ọgbà Rufford ló kọ́kọ́ ń gbé, abẹ́ igi kan níta abúlé ló ti ń wàásù. Igi náà ti wó tipẹ́, àgbélébùú òkúta ni wọ́n rì síbẹ̀. A dúró níbẹ̀, pápá lọ súà, màlúù méjì ń wò wá. Ẹni tó ti fi ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ kí àrùn má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò, àwọn aládùúgbò ló wá ń lé e. Àmọ́ kò bínú kúrò o. Wọ́n gbà á nígbà tó yá, Eakring náà ló wà títí ó fi kú lọ́dún 1709.

Èkejì lèyí tó máa ya ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu. Epo rọ̀bì! Lọ́dún 1939 ni wọ́n rí epo nílẹ̀ Eakring, D'Arcy Exploration ló rí i, ilé iṣẹ́ D'Arcy yìí náà ló sì da àjọṣe pọ̀ mọ́ Shell tí wọ́n ń pè ní Shell D'Arcy, tí wọ́n ń wa ilẹ̀ kiri ní Nàìjíríà nígbà yẹn gan-an. Tiwa ò jáde ní Oloibiri àfi 1956. Ogun Hitler ń gbóná, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ń ri ọkọ̀ epo, ni wọ́n bá dá a ní bòńkẹ́lẹ́, wọ́n kó àwọn awalẹ̀ epo 42 wá láti Oklahoma lọ́dún 1943. Kelham Hall tí a kọjá lọ́jọ́rú, àárín àwọn àlùfáà ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi wọ́n wọ̀ sí! Ẹ foju inú wo àwọn ọmọ Oklahoma tó ń ti ibi iṣẹ́ dé tòun ti epo lára, tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ń kọ orin ìrọ̀lẹ́. Kànga 106 ni wọ́n gbẹ́ láàárín ọdún kan. Ọ̀kan nínú wọn, Herman Douthit, já bọ́ láti orí ẹ̀rọ, ó kú, ibi ìsìnkú àwọn ará Amẹ́ríkà ní Cambridge ló wà.

Dukes Wood ni wọ́n ti ń fa epo ọ̀hún, igbó ìtọ́jú ẹranko ló jẹ́ báyìí. Ewé ti bò ó, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó máa ń tẹrí ba dìde fa epo ṣì dúró sáàárín igi. Mo fi imú gbọ́ ọ, kò sí òórùn epo kankan, òórùn ewé tútù ni. Bọ̀ọ̀dá ò sọ̀rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n wá ní, "Tiwọn tán, wọ́n gbin igbó padà. Tiwa ńkọ́?" Mi ò dá wọn lóhùn.

Àìkú

Southwell la gbà padà. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ ní yàrá ìpàdé kan tí wọ́n gbẹ́ ewé sí lára òkúta ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, ewé óákù, ewé àjàrà, ewé igi ẹlẹ́gùn-ún, o máa dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìsìn ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí a dé, a ò lè pẹ́ níbẹ̀. Southwell náà ni ápù Bramley tí wọ́n fi ń ṣe páì ti wá, ọmọdébìnrin kan, Mary Ann Brailsford, ló gbin kóró ẹ̀ lọ́dún 1809, àmọ́ orúkọ alápatà tó wá ra ilé náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, Bramley, ni wọ́n fi pè é. Ìyẹn bí mi nínú díẹ̀.

Lójú ọ̀nà A1 Bọ̀ọ̀dá ti ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn wa bọ́ọ̀sì lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, torí ọjọ́ náà ni kóòtù máa jókòó ní pọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n fẹ́ lọ gbọ́ ẹni tí wọ́n máa bu owó ìtanràn fún. Ẹnì méjì ti ní àwọn ò sí nílé. Ẹnì kẹta ní òun á rò ó wò, tí Bọ̀ọ̀dá bá lè bá òun ṣe iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì.